Ẹ má tíì ra àpótí ìdánwò yẹn: èsì fún olùkọ́ báyọ́lọ́jì kan ní Iléṣà

Ìbéèrè: Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Iléṣà, SS2 ni mo ń kọ́. Àwọn ọmọ JETS, ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì iléèwé wa, rí fídíò kan lórí fóònù, níbi tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ti ń fi jíìnì (ìtọ́ni tó ń sọ bí ara ẹ̀dá ṣe máa rí) sínú bakitéríà títí tó fi ń tàn. Wọ́n ti ń dá owó jọ láti ra irú àpótí ìdánwò bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́ níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́, ni pásítọ̀ kan lára àwọn òbí bá dìde, ó ní ṣé a fẹ́ máa bá Ọlọ́run díje ni. Ọ̀gá àgbà wa ní kí n dáwọ́ dúró ná. Báwo ni mo ṣe lè kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì àtọwọ́dá (synthetic biology, ìyẹn títún jíìnì ẹ̀dá alààyè tò kó lè ṣe iṣẹ́ tí a fẹ́) lọ́nà tí kò ní léwu, báwo ni mo sì ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ tí àwọn òbí àti ará ìlú á fi gbà á?

Ìdáhùn: Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Kí n tètè sọ èyí tó le jù kí a lè ráyè fún ìyókù: ẹ dá owó àwọn ọmọ padà. Ọ̀gá àgbà yín jàre.

Kì í ṣe pé ohun abàmì kan wà nínú àpótí náà. Bakitéríà E. coli ló wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ti ń tọ́ ní yàrá ìwádìí láti ọjọ́ pípẹ́, tí kì í dá àìsàn sí ẹni tí ara rẹ̀ le lára. DNA (èròjà tí jíìnì wà lára rẹ̀) kékeré kan tó rí roboto bí òrùka wà pẹ̀lú rẹ̀. Jíìnì kan lórí òrùka náà wá láti ara ẹ̀dá jẹ́lì inú òkun, òun ló ń mú kí ó tàn. Òmíràn ń gba bakitéríà náà lọ́wọ́ oògùn apakòkòrò bí ampicillin, kí a lè mọ èyí tó gba DNA náà yàtọ̀ sí èyí tí kò gbà á. Ìkejì yìí lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, kì í ṣe èyí tó ń tàn. Bí ìdánwò bá parí, bakitéríà tí ampicillin kò ràn ló máa kún àwo yín. Ṣé ẹ ní autoclave tí ẹ ó fi sè é pa? Bí kò bá sí, ta ló máa dà á nù, gọ́tà wo ló sì máa dà á sí? Ẹ̀yin náà mọ iye ìdílé tí ampicillin ṣì jẹ́ oògùn tí apá wọn ká.

Òfin sì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Òfin ọdún 2015 ló dá NBMA sílẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ààbò lórí àwọn ohun alààyè tí a bá yí jíìnì wọn padà. Ẹni tó bá fẹ́ kó irú wọn wọlé láti òkè òkun, tàbí tó fẹ́ fi wọ́n ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí pàápàá, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Ní 2019 wọ́n tún òfin náà ṣe, báyọ́lọ́jì àtọwọ́dá sì wọ inú rẹ̀. Ọmọ SS2 tó bá tẹ fóònù ra bakitéríà kò mọ̀ pé òun ti rú òfin ìjọba àpapọ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n máa ránṣẹ́ pè.

Ìyẹn ti tán. Ìparí ìbéèrè yín ló wá mú mi lọ́kàn jù, níbi tí ẹ ti ní kí ará ìlú lè gbà á. Bí ẹ bá torí pé kí wọ́n ṣáà gbà lọ bá wọn, ìpolówó ọjà lẹ lọ ṣe, wọ́n á sì mọ̀. Ẹni tí baba ńlá rẹ̀ ṣe òṣómàáàló, tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi jáde, ẹ ò lè fi ẹnu dídùn lásán lé e lọ ní Iléṣà. Ìbéèrè tí èsì rẹ̀ lè yí iṣẹ́ yín padà ni kí ẹ gbé lọ bá wọn. Bí kò bá sí ohun tí òbí kan lè sọ tó máa mú yín tún ètò yín tò, ẹ má wulẹ̀ pe ìpàdé. Ẹ fi ìwé ránṣẹ́, kí kálukú máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Ní 1975 àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti pé jọ sí Asilomar ní Califọ́níà láti jíròrò ewu tó lè wà nínú síso DNA ẹ̀dá kan mọ́ ti òmíràn. Onímọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn fúnra wọn ni wọ́n fi ìlànà lélẹ̀ fún ara wọn. Lọ́dún kejì, Yunifásítì Harvard fẹ́ kọ́ yàrá ìwádìí tuntun fún irú iṣẹ́ náà ní Cambridge. Alfred Vellucci, olórí ìlú náà, fàáké kọ́rí. Ó pe àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wá síwájú ìgbìmọ̀ ìlú, ó ní kí wọ́n fi èdè tí gbogbo èèyàn gbọ́ ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Inú bí púpọ̀ nínú wọn. Kí ni mẹ̀kúnnù mọ̀ nípa DNA?

Ìlú ní kí apá tó léwu jù nínú iṣẹ́ náà dúró fún oṣù mélòó kan, wọ́n sì yan ìgbìmọ̀ aráàlú tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í ṣe ìwádìí DNA. Àwọn yẹn jókòó, wọ́n gbọ́ ti ọ̀tún, wọ́n gbọ́ ti òsì, wọ́n ń bi àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìbéèrè títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1977 wọ́n gbé àbọ̀ wọn jáde: kí iṣẹ́ máa lọ, ṣùgbọ́n kí àwọn ìlànà kan tún kún èyí tí ìjọba àpapọ̀ là sílẹ̀, kí ìlú sì ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ tí yóò máa bojú tó o. Ìlú sọ ọ́ di òfin. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Lónìí, Cambridge wà lára ibi tí iléeṣẹ́ báyọ́tẹ́kì ti pọ̀ jù lágbàáyé. Èmi ò rò pé ó ṣèèṣì. Ẹni tó bá mọ òfin ibi tó wà kì í bẹ̀rù láti kọ́lé síbẹ̀.

Nítorí náà, pásítọ̀ tó dìde yẹn, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Kì í ṣe láti lọ pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ bi í pé kí ló rí tó fi bẹ̀rù. Ẹ ó rí i pé láàárín ohun tó sọ, ìbéèrè kan á wà tí ẹ̀yin náà kò tíì ronú kàn.

Ní ti ohun tí ẹ ó fi kọ́ àwọn ọmọ, èyí tó wà nílẹ̀ ní Iléṣà pọ̀ ju ti inú àpótí lọ. Ẹ gún ìbẹ́pẹ tó ti pọ́n dáadáa. Ẹ po omi, iyọ̀ àti ọṣẹ olómi díẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ sínú ife gíláàsì, kí ẹ wá rọra da sípíríìtì tó ti tutù nínú fíríìjì gba ẹ̀gbẹ́ ife náà kó lè lé e lórí. Láìpẹ́, ohun funfun tó ń fà bí òwú á máa yọ láàárín méjèèjì. DNA nìyẹn, pẹ̀lú àwọn ohun mìíràn tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ògógóró á ṣe é. Ọtí inú rẹ̀ kò tó láti mú DNA jáde, kíláàsì á kàn máa rùn lásán ni. Sípíríìtì ń gbaná o, kí iná má wà nítòsí.

Ẹ mú irú wá láti ọjà Atákúnmọ́sà. Bacillus subtilis ló pọ̀ jù nínú bakitéríà tó ń sọ irúgbá di irú, ó sì wà lára àwọn tí onímọ̀ báyọ́lọ́jì àtọwọ́dá ń lò jù lágbàáyé. Yíìsì tó ń mú ẹmu kan, òun náà ló ń mú búrẹ́dì wú, ìbátan rẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ọtí bíà tó wà nílùú yín níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ẹ lè bọ́ sórí ohun tí èèyàn ti ń fi irú ẹ̀dá wọ̀nyí ṣe. Láyé àtijọ́, inú ẹ̀yà ara màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ínsúlíìnì fún àwọn alátọ̀gbẹ. Ní 1978 ni wọ́n kọ́ bakitéríà láti ṣe ti èèyàn, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 1982. (Ẹ sọ ti ẹlẹ́dẹ̀ yẹn bí àwọn òbí tó jẹ́ Mùsùlùmí bá wà níjókòó, kí ẹ sì gbọ́ bí ìjíròrò ṣe máa yí padà.)

Ẹ má fi ìtàn aláyọ̀ nìkan bọ́ wọn o. Artemisinin tó wà nínú oògùn ibà tí à ń pè ní ACT, ara ewé kan tí wọ́n ń gbìn ní Ṣáínà àti ìlà oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ní 2006 àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ti tún jíìnì yíìsì tò débi tó fi ń ṣe èròjà tí wọ́n lè sọ di oògùn náà, nígbà tó sì di 2013 iléeṣẹ́ apoògùn Sanofi ti ń ṣe é lọ́pọ̀. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn wá dínwó ju ti yíìsì lọ, iṣẹ́ ilé ìpèsè náà sì dẹnu kọlẹ̀. Ẹ pín kíláàsì sí méjì, kí apá kan ṣe àgbẹ̀ tó ń gbin ewé náà, kí apá kejì ṣe ìyá tí ibà ń bá ọmọ rẹ̀ jà tí oògùn sì wọ́n fún. Ẹ má dá ẹjọ́ náà fún wọn.

Iṣẹ́ tí èmi ìbá fún wọn ṣe fún odindi sáà kan nìyí, lórí ìwé àti páálí nìkan. Ní 2006 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Edinburgh gbé iṣẹ́ kan lọ sí ìdíje iGEM, ìdíje báyọ́lọ́jì àtọwọ́dá fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà. Wọ́n to jíìnì bakitéríà kó lè máa fi hàn bí májèlé arsenic bá wà nínú omi mímu: bí ó bá wà níbẹ̀, kíkan omi inú ìgò á yí padà, àwọ̀ á sì sọ ọ́. Àwọn ọmọ yín mọ ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n ti rí bí omi Ọ̀ṣun ṣe di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Níbi púpọ̀ lágbàáyé, mẹ́kúrì, tó jẹ́ májèlé, ni àwọn awakùsà kéékèèké fi ń kó góòlù jọ. Ẹ ní kí wọ́n ya àwòrán bakitéríà tí yóò máa fi mẹ́kúrì hàn. Ìṣẹ̀dá ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún wọn, nítorí àwọn bakitéríà kan ní jíìnì tí wọ́n ń pè ní merR, tó máa ń mọ̀ bí mẹ́kúrì bá ti wọlé. Kí wọ́n gé páálí: ọ̀kan fún jíìnì tó ń mọ̀, ọ̀kan fún ibi tí a ti ń tan jíìnì tàbí pa á, ọ̀kan fún jíìnì tó ń mú àwọ̀ wá. Kí wọ́n tò ó, kí wọ́n tún un tò. Ọmọ tó bá gbé ti àwọ̀ síwájú ibi tí a ti ń tan jíìnì máa rí i fúnra rẹ̀ pé kò lè ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n lọ béèrè. Bí àwọ̀ bá yí, kí ni ìyá tó ń pọn omi náà máa ṣe, nígbà tó jẹ́ pé kò sí omi mìíràn nítòsí? Ta ni kí á kọ́kọ́ sọ fún, baálẹ̀ ni, ìjọba ni, àbí rédíò? Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wa góòlù, tí owó iléèwé àbúrò rẹ̀ ń tibẹ̀ wá, kí ni tirẹ̀? Àwọn olùsìn Ọ̀ṣun tí odò yẹn jẹ́ ibi mímọ́ fún, ṣé wọ́n gbà kí á gbé ẹ̀dá tí a yí jíìnì rẹ̀ padà súnmọ́ etí omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìgò tí a dé pa ló wà? Bí ìgò náà bá fọ́ ńkọ́? (Ìdíje iGEM fúnra rẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ jáde kúrò nínú yàrá ìwádìí.) Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì fi hàn lára àwòrán wọn ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ti yí i padà. Bí ẹgbẹ́ kan bá padà dé, tí wọ́n ní àwọn rí i pé bakitéríà kọ́ làwọn ará ibẹ̀ nílò, pé kànga ẹ̀rọ ni, ẹ fún wọn ní máàkì tó ga jù.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ tètè forúkọ sílẹ̀ fún iGEM, ẹ dá a lóhùn pé ó di ọjọ́ mìíràn. Owó ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ nìkan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni.

Ẹ̀wà ni kí ẹ fi bá àwọn òbí sọ̀rọ̀, torí kò sí ilé tí kì í sè é. Ní 2019 Nàìjíríà fọwọ́ sí ẹ̀wà SAMPEA 20-T láti iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn ní Zaria. Wọ́n fi jíìnì bakitéríà inú ilẹ̀ kan sí i kí kòkòrò Maruca tó ń dá pódi ẹ̀wà lu má lè jẹ ẹ́. Àwọn tó ṣe é ní àgbẹ̀ tó ń fín oògùn ní ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ lè dín in kù sí nǹkan bí ìgbà méjì. Iléeṣẹ́ Monsanto ló fi jíìnì náà tọrẹ láìgbowó. Iṣẹ́ ìran àkọ́kọ́ nìyẹn, báyọ́lọ́jì àtọwọ́dá ti ré e kọjá, àmọ́ ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bí.

Òbí á bi yín pé ṣé ó léwu láti jẹ. Ẹ sọ ohun tí a mọ̀: ní 2016 àwọn àkádẹ́mì sáyẹ́ǹsì ti Amẹ́ríkà yẹ ọ̀pọ̀ ìwádìí wò, wọn ò rí ẹ̀rí pé irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ tó wà lọ́jà léwu fún ara ju èyí tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀ bíi pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ìlànà ìjọba ní kí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní àmì lára. Kóńgò ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀wà lọ́jà; ara kóńgò wo la fẹ́ lẹ àmì mọ́? Èmi kò tíì gbọ́ èsì tó tẹ́ mi lọ́rùn lórí ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìyálọ́jà kan lè ní in lẹ́nu. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kí NBMA tó fọwọ́ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń pàtẹ ìwé ìbéèrè náà fún ọjọ́ 21 kí aráàlú lè sọ tẹnu wọn. Mélòó nínú wa ló ti lọ kà á rí? Ẹ tẹ ọ̀kan jáde, kí àwọn ọmọ SS2 kọ èrò wọn sí i ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé ìfọ̀rọ̀lọni kì í ṣe oògùn tí a ń lò tí gbogbo nǹkan á fi gún. Ní Bùkínà Fásò, àwọn oníṣẹ́ Target Malaria, ètò ìwádìí tó ń gbógun ti ibà, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti bá àwọn ará abúlé Bana sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó tú akọ ẹ̀fọn tí wọ́n ti yí jíìnì rẹ̀ padà sílẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2019. Abúlé gbà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba orílẹ̀-èdè náà ní kí wọ́n dá gbogbo iṣẹ́ náà dúró. Ẹ sọ ìtàn yìí fún ọ̀gá àgbà yín kó lè mọ̀ pé bí òbí bá gbà lónìí, wọ́n ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti yí ọkàn padà lọ́la.

Ní ti bíbá Ọlọ́run díje, ẹ má fi sáyẹ́ǹsì dá a lóhùn, kì í ṣe ìbéèrè sáyẹ́ǹsì. Ẹ pe pásítọ̀, ẹ pe ìmáàmù, ẹ pe àwọn àgbà ìṣẹ̀ṣe, kí wọ́n bá àwọn ọmọ sọ ọ́, kí ẹ̀yin jókòó gbọ́. Níhìn-ín ní Ifẹ̀, bí mo bá ti dé ilé-ẹ̀kọ́ kan, dandan ni kí ẹnì kan mẹ́nu ba Ọbàtálá tó mu ẹmu yó nídìí iṣẹ́ mímọ èèyàn. Mo máa ń bi wọ́n pé kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Wọ́n á ní ẹmu di èèwọ̀ fún àwọn tó ń sìn ín, àwọn tí kò rí bí ó ti yẹ sì di ẹni tó wà lábẹ́ àbójútó rẹ̀. Ìjíròrò kíláàsì kan gbáko ti wà nínú ìyẹn.

Ọmọ kan á sì béèrè bóyá èèyàn lè jókòó sílé kó ṣe kòkòrò àrùn. Ẹ má jágbe mọ́ ọn, ẹ má sì bá a wá ọ̀nà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ sọ fún un pé ìbéèrè yẹn ń dí àwọn àgbà náà lójú oorun, pé láti 2009 ni àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe DNA tà ti ní ẹgbẹ́ kan, tí wọ́n ń yẹ ohun tí oníbàárà ní kí wọ́n ṣe wò, tí wọ́n sì ń wò ó pé ta ni oníbàárà náà. Kì í ṣe gbogbo iléeṣẹ́ ló wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ẹ bi ọmọ náà pé bó bá jẹ́ òun ni ọ̀gá, òfin wo ni òun máa ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni máa nu ilé ìgbẹ́ tàbí imú láti gbin ohun tó wà níbẹ̀ sínú àwo. Ìdánwò tó wọ́pọ̀ nínú fídíò ni, àmọ́ a kì í mọ ohun tó máa hù.

Bí àwọn ọmọ bá ṣì ń fẹ́ rí bakitéríà tó ń tàn, ẹ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan ní yunifásítì tó ní yàrá ìwádìí àti ìgbìmọ̀ ààbò tirẹ̀. OAU kò jìnnà sí yín. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní àṣẹ fún irú iṣẹ́ náà àti bóyá àwọn ọmọ lè wá wò ó, láìfọwọ́ kàn án. Ẹ dárúkọ ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n mú ọ̀kan, ẹ má mú ọ̀sẹ̀ ìdánwò, kí ẹ sì máa gbàdúrà kí ìyanṣẹ́lódì má bọ́ sí i. Kí ọ̀gá àgbà yín fọwọ́ sí lẹ́tà náà kó tó jáde, kí ẹ sì fi àyè kan sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì fún pásítọ̀ yẹn.